Owó Onítẹ́tẹ́ àti Ọ̀nà Mẹ́kà

Ìró òfì ni mo fi ń jí nígbà ayé ọkọ mi. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, àwọn ahunṣọ á ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìsẹ́yìn, wọ́n á máa ju òwú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, kà-kà, kà-kà, títí etí á fi gbàgbé pé òun ń gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ mi ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́, èmi ni mo sì ń ta òwú fún wọn. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, nítorí àkọ́bí mi ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìjọba ní Ìgbòho. Èmi fúnra mi ò mọ iwájú ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ohun kan wà tí ọkọ mi máa ń sọ lọ́dọọdún tí àwọn ará Mẹ́kà bá ti dé, tí wọ́n ń pín omi samusamu àti dàbínù kiri. Á wò mí, á ní, "Ìyá Tíṣà, ọdún tó ń bọ̀, àwa méjèèjì ni." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé tí ọdún tó ń bọ̀ bá dé, owó iléèwé ọmọ ló máa kọ́kọ́ jókòó síwájú wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ títí tí àìsàn fi mú un, tó sì kú láì dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo sọ nínú ara mi pé n óò lọ fún àwa méjèèjì, n óò sì ṣe é kí orúnkún mi tó sọ pé òun ò lọ mọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ nílé ayé nígbà náà tó tó ìyẹn.

Yàrá méjì ló wà níwájú ilé wa, ibi tí ọkọ mi ti máa ń gba àwọn oníbàárà tó wá ra aṣọ òkè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, eku ló ń gbé inú wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan ti Ìbàdàn dé, ó wọ ṣòkòtò tó fún un lẹ́sẹ̀ bíi pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Màmá, iwájú ilé yín la fẹ́ gbà. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wá síbẹ̀ wo bọ́ọ̀lù."

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù nìkan?"

Ó ní, "Bọ́ọ̀lù, àti àwọn eré mìíràn bẹ́ẹ̀."

Mo gbà. Nígbà tó gbé owó ilé dé, ó ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní ti ìjọba nìyẹn, pé ẹni tó bá gba ilé ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀ kó sì bá onílé san án. Mo dìde dúró. Mo ní, "Ìjọba wo? Ìjọba tó bá wa po amọ̀ ilé yìí, àbí èyí tó bá wa ru páànù?" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ń fi ìwé hàn mí, mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ kúrò lójú mi, olè ni. Àfìgbà tí Tíṣà wá láti Ìgbòho tó ní, "Màámi, òótọ́ ló ń sọ o, wọ́n ń yọ tèmi náà nínú owó oṣù," ni mo tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì fi ẹran sí i lóúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kun iwájú ilé mi ní àwọ̀ tó ń tàn yòò bí oòrùn ọ̀sán, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ara ògiri, wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin méjì àdúgbò síṣẹ́ láti máa gba owó. Lóòótọ́ ni wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, ajá ni wọ́n ń wò. Mo yọjú wò ó lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, mo rí ajá mẹ́fà tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí wọ́n ń sáré yí pápá po. Wọ́n á sáré tán, kò ní pẹ́ rárá, wọ́n á tún máa sáré. Mo dúró títí, àánú wọn ṣe mí. Mo pe ahunṣọ tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí ọkọ mi kọ́ gbẹ̀yìn, ó wà nínú èrò tó ń pariwo níbẹ̀.

Mo ní, "Ṣé wọn kì í fún àwọn ajá yẹn lómi ni?"

Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ahunṣọ di ikùn mú. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ajá gidi. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wọ́n."

"Kọ̀ǹpútà ló bí wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹni tó bá mọ èyí tó máa ṣíwájú, owó rẹ̀ á di púpọ̀."

"Ta wá ni wọ́n ń san owó ẹni tí ò mọ̀ ọ́n fún?"

Ó ti kọjú sí ajá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn ajá náà, èyí tó wọ ẹ̀wù abilà. Tí mo bá ń kọjá lọ síbi òwú mi, mo máa ń bojú wo bó ṣe ń ṣe. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń kẹ́dùn nítorí ajá tí kò sí.

Bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe dé ni ìdí ilé wa di ọjà. Ìyá Ẹlẹ́wà, tó ń gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì kiri tẹ́lẹ̀, gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì kiri mọ́. Ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀rọ póòsì rẹ̀ wá sábẹ́ agbòòrùn. Àwọn ọlọ́kadà sọ ibẹ̀ di ibùdó. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń gba owó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ránṣẹ́ sílé fún àwọn òbí wọn. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo bí gbogbo èyí, pé bí mi ò bá yá wọn nílé, ta ni ì bá jẹ nínú wọn? Ohun tí mi ò tètè kíyè sí ni pé òwú mi kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ahunṣọ tó máa ń ra ìdì òwú mẹ́rin á ra ẹyọ kan, á ní òun ń bọ̀ wá ra ìyókù, a ò sì ní fojú kàn án. Ìró òfì fà sẹ́yìn, ariwo ajá gba ipò rẹ̀. Oníyàwó á wá fẹ́ gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, á bá òfì níhòòhò, á wá ahunṣọ lọ síwájú ilé mi, á gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí eléyìí já ná, mò ń bọ̀." Ohun tí mò ń gbà ní yàrá iwájú ni mò ń pàdánù lábẹ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n ti iwájú máa ń wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń pọ̀ lójú, ti ẹ̀yìn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo kó owó ilé náà pa mọ́ fún Mẹ́kà. Nígbà tó pé ọdún kejì, mo rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Mo ránṣẹ́ pe Ààfáà àdúgbò wa pé kó bá mi fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni Ààfáà yìí, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ìbàdí máa ń dùn ún. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí.

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, inú mi dùn jọjọ. Owó òwú ni?"

"Ti òwú wà níbẹ̀ díẹ̀. Owó ilé ló pọ̀ jù."

"Owó ilé wo?"

Mo fi àgbọ̀n júwe iwájú ilé. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán wọn níṣẹ́, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó wọlé o!"

Ààfáà mi orí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Owó yẹn ò lè gbé yín dé Mẹ́kà o."

"Ọkọ̀ òfúrufú ló máa gbé mi dé Mẹ́kà, Ààfáà."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run ò fẹ́ tẹ́tẹ́. Ẹni tó yá wọn nílé tí wọ́n ti ń ta á, ó ti bá wọn dá sí i. Ẹ fẹ́ ṣe Hájì fún ara yín, ẹ tún fẹ́ ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi tó ti lọ. Ṣé irú owó yẹn lẹ fẹ́ fi ṣe ti ẹni tó wà nínú sàréè?"

Bó ṣe mẹ́nu ba ọkọ mi ni inú bí mi. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ funfun láti ọjọ́ yìí. Mo ní, "Ààfáà, ṣé ìjọba kì í gba tiwọn nínú owó tẹ́tẹ́ yìí ni? Òun náà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀rọ omi ẹnu mọ́ṣáláṣí. Omi tẹ́tẹ́ lẹ fi ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ lálẹ́. Ṣé gbogbo ìrun yín ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Ààfáà dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Mi ò mọ owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀rọ omi náà o. Ẹnu mi ló sáré sọ ọ́, bí ẹnu ṣe máa ń ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí Ààfáà níbi kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn agboolé wọn. Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ń fi ọwọ́ kejì fa okùn, ó ń pọn omi sínú búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, ó ń dà ṣàà, kò yà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, oníkálukú pẹ̀lú búútà tirẹ̀, wọ́n ń tò sídìí kànga, ìrun sì ń pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò ní jáwọ́ lára ẹ̀rọ. Wọ́n bi Ààfáà léèrè ohun tó dé, ó ní, "Kò sí nǹkan. Omi kànga ló ń wu ara mi." Kò fi ìgbà kan sọ pé èmi ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Tí mo bá gbọ́ tí okùn kànga ń dún, ó dà bíi pé ìbàdí tèmi ni wọ́n ń fà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo ní àwàdà ni mo ṣe. Ó ní, "Àwàdà lẹ pè é, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni. Mi ò sì tíì rí ìdáhùn rẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọkọ̀ ìjọba fi dé láti Ìbàdàn. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó ṣe ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa. Àwọn onítẹ́tẹ́ yìí ò tíì san ti ìjọba." Wọ́n lé gbogbo èèyàn jáde, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ṣéènì dè é. Ahunṣọ gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké, "Ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú ibẹ̀! Ẹyọ kan péré ló kù kó wọlé!"

Ìyá Ẹlẹ́wà ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì lò ń wí? Odidi ìkòkò ẹ̀wà kan wà lórí iná níbí. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wo ara wọn. Láti òru ni wọ́n ti kúrò nílé. Ìgbà tó yá, gbogbo wọn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì Ìyá Ẹlẹ́wà, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì pa. Mo fa àga mi sún mọ́ obìnrin náà.

Mo ní, "Ọmọ mi, owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ onítẹ́tẹ́, ṣé òun lẹ fi gbẹ́ ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí wa?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ tí ẹ̀wà kún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn láyé. Inú àpò kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń wọ̀. Ti onítẹ́tẹ́, ti oníbáńkì, ti ọlọ́jà, tiyín náà."

"Tèmi?"

"Ẹ kì í sanwó ọjà ni? Wọ́n sì ń yọ nínú owó ilé yín. Inú àpò yẹn náà ni wọ́n ti ń sanwó tíṣà, tí wọ́n ti ń sanwó nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti ń ṣe títì."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi ya ti onítẹ́tẹ́ sọ́tọ̀?"

Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Tí a bá yà á sọ́tọ̀, Màmá, ta ló máa gbà kí a fi sanwó fún òun?"

Mi ò dúró jẹun mi tán. Mo gba ọ̀dọ̀ Ààfáà lọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Ó di ojú rẹ̀ pẹ́, mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tó là á, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé omi tó bá pọ̀, tí ìdọ̀tí bọ́ sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ ò yí, tí òórùn rẹ̀ ò yí, tí adùn rẹ̀ ò yí, omi náà mọ́. Àpò ìjọba dà bí odò. Ti gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Mo lè fi omi ẹ̀rọ ṣe àlùwàlá."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó tèmi náà ńkọ́?"

Ó gbé búútà rẹ̀ sókè, ó mì ín díẹ̀. Ó ní, "Èyí ni tiyín. Omi inú búútà ò pọ̀. Ẹ mọ ibi tó ti wá, ẹ mọ ohun tó bọ́ sí i."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà o. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Mo bi í pé kí ni kí n fi owó náà ṣe, ṣé kí n dá a padà fún ajá ni? Ó ronú, ó ní kí n fi ṣe ohun tí ará àdúgbò á máa lò, tí mi ò ní retí ẹ̀san kankan lórí rẹ̀. Ó ní bí òun bá ni, ṣáláńgá lòun máa fi gbẹ́, pé ibi tó bá irú owó yẹn mu jù nìyẹn. Ẹ̀rín bá mi lójú ẹkún. Mo fi gbẹ́ ṣáláńgá lóòótọ́, onísìmẹ́ńtì, tó ní ilẹ̀kùn méjì, kò sì sí èyí tó dà bíi rẹ̀ ládùúgbò wa.

Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn onítẹ́tẹ́ fi wà ní títì, ìró òfì padà. Ahunṣọ hun aṣọ àwọn èèyàn tó ti wà lọ́rùn rẹ̀, òwú mi sì tà. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́wà tún gbé igbá kiri nínú oòrùn, àwọn ọmọbìnrin méjì jókòó sílé, ọ̀kan nínú wọn wá bi mí bóyá mo lè mú òun ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ayọ̀ tí mo ń yọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé máa ń dáwọ́ dúró tí mo bá yí sí iwájú. Nígbà tí wọ́n san owó ìjọba tí wọ́n sì ṣí i, mi ò lé wọn. Ààfáà náà kò ní kí n lé wọn lọ́jọ́ náà, ó kàn ní kí n máa lo owó ilé wọn bíi ti ṣáláńgá, kí n má kà á sí èrè tèmi. Ìgbà tó ṣe, àwọn fúnra wọn kó lọ. Fóònù ló lé wọn. Ó ti wọ ọwọ́ oníkálukú, ahunṣọ lè jókòó sídìí òfì kó máa ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ṣì ń rí tiwọn gbà nínú ti orí fóònù. Ìyá Ẹlẹ́wà ò rí nǹkan kan gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún owó òwú kó jọ, ó ń rìn bí ìgbín. Ọdún ń lọ, orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni Tíṣà dé láti Ìgbòho, ó ní òun àti àwọn àbúrò òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n ti san án tán, owó oṣù òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo sì sáré lọ bá Ààfáà, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní, "Owó ìjọba ni o. Onítẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀."

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ó ní, "Odò nìyẹn, Ìyá Tíṣà. Ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa lọ."

Bí mo ṣe dé Mẹ́kà nìyẹn. Mo ti pinnu ohun tí mo máa sọ lórí òkè Árífà kí n tó kúrò nílé. Mo gbàdúrà fún ọkọ mi, mo sọ fún Ọlọ́run pé èmi àti ọkọ mi la jọ dúró síbí yìí. Mo gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi, fún Ààfáà àti ìbàdí rẹ̀, fún Ìyá Ẹlẹ́wà. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ tó ń pariwo níwájú ilé mi wá sí mi lọ́kàn, ahunṣọ ló ṣáájú. Mo gbé ọwọ́ sókè, n kò mọ ohun tí ǹ bá tọrọ. Mi ò lè ní kí wọ́n jẹ tẹ́tẹ́, torí mo mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nípa rẹ̀. Mi ò sì lè ní kí wọ́n má jẹ ẹ́, nítorí ọmọ ni wọ́n jẹ́ fún mi, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí owó wọn bá ti bọ́ sọ́wọ́ onítẹ́tẹ́. Mo kàn dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, mo dákẹ́ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Títí di òní tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí ǹ bá fi dípò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo fi sílẹ̀ fún Ẹni tó gbọ́ ọ.